Ẹjọ́ káńsù, inú ọ́fíìsì ló ti ń bàjẹ́

Àbúrò mi tó béèrè pé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ti dé, pé wọ́n ní kí òun wá ṣe lọ́ọ̀yà ìjọba ìbílẹ̀, àti pé ṣé kí òun fi ọ́fíìsì ọ̀gá òun ní Ìbàdàn sílẹ̀ kí òun máa lọ: mo ti ka ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ dá ọ lóhùn sọ. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ìsinmi ni. Ẹnì kejì ní ibẹ̀ ni lọ́ọ̀yà ti ń lọ gbàgbé òfin. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí ní káńsù tó ju ẹyọ kan lọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lábẹ́ alága tí wọ́n dìbò yàn àti lábẹ́ alága afìdíhẹ. Mi ò rí ìsinmi kankan níbẹ̀. Ní ti òfin, mi ò tí ì rí ibi tí ó ti ń bá èèyàn jà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́ọ̀yà rò ni pé wíìgì àti gáànù ni iṣẹ́ náà, kí èèyàn lọ dúró gbèjà káńsù níwájú adájọ́. A máa ń lọ lóòótọ́. Òfin ìwà iṣẹ́ wa tó ní kí lọ́ọ̀yà tó ń gba owó oṣù má ṣe dúró ní kóòtù fún ẹni tó gbà á síṣẹ́ yọ lọ́ọ̀yà ìjọba sílẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ yóò mọ ọ̀nà àwọn kóòtù Iyágankú àti Ring Road dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́, a ti sábà máa ń jàre tàbí kí a ti jẹ̀bi láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti fọwọ́ sí nǹkan, tàbí tí ó kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i. Nínú àwọn ẹjọ́ tí mo rí tí káńsù pàdánù, díẹ̀ ni ó jẹ́ pé òfin ló lòdì sí wa. Ìwé tó yẹ kí a mú jáde ni a kò rí.

Wo bí ìwé ìpẹ̀jọ́ ṣe ń wọlé. Akódà kóòtù á gbé e dé, ẹni tó bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà á fọwọ́ sí i, á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, á kó o pọ̀ mọ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti lẹ́tà àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí alága wá ṣe bàbá ìsàlẹ̀. Fáìlì á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́. Òun náà á tì í sọ́dọ̀ alága. Alága wà ní Abuja. Nígbà tí alága bá dé, á fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí lọ́ọ̀yà wò ó, fáìlì á tún padà gba ọ̀nà tó bá wá. Mo ti rí ìwé ìpẹ̀jọ́ tí òǹtẹ̀ ẹnu géètì rẹ̀ jẹ́ ti oṣù kan, tí ó sì jẹ́ oṣù kejì ni ó tó dé orí tábìlì mi. Ọjọ́ tí òfin kóòtù fún wa láti fèsì ti tán. Lọ́ọ̀yà olùpẹ̀jọ́ ti ń bẹ adájọ́ pé kí ó dá òun láre nítorí pé olùjẹ́jọ́ kò yọjú. O fẹ́ bẹ̀bẹ̀ kí kóòtù gbà ọ́ láàyè, adájọ́ á sì bi ọ́ pé ta ló gba ìwé yìí ní káńsù yín. Ìdáhùn tí wàá fún un yóò dójú tì ọ́.

Nítorí náà, ẹni àkọ́kọ́ tí o máa sọ di ọ̀rẹ́ ní káńsù kì í ṣe alága. Àwọn ìyá àti àwọn àǹtí tó ń gba lẹ́tà ni. Kí wọn, bèèrè ọmọ wọn, ra àkàrà fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé bí ó bá ṣeé ṣe. Kí o wá kọ ìwé kan tí ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ máa fọwọ́ sí, pé ohunkóhun tí ó bá ní òǹtẹ̀ kóòtù tàbí orúkọ ọ́fíìsì lọ́ọ̀yà lórí gbọ́dọ̀ di ẹ̀dà kí ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ náà, kí ojúlówó rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Wọn á ní o ń ṣe àṣejù. Má dá wọn lóhùn.

Kí n má gbàgbé ìwé ìkìlọ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa ní kí ẹni tó fẹ́ pe káńsù lẹ́jọ́ kọ̀wé sí káńsù ná, kí ó sọ ohun tí ẹjọ́ náà dá lé àti ohun tí ó ń fẹ́, kí ó sì dúró fún oṣù kan gbáko. Lẹ́tà yẹn máa ń jọ lẹ́tà ìráhùn lásán, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ọ́fíìsì fi ń sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi kì í fi ṣeré. Inú oṣù yẹn ni o ti lè pe onítọ̀hún, kí ẹ jọ wo ohun tó ń sọ, kí ẹ parí rẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ọjà tí mo bá wọn parí nínú oṣù ìkìlọ̀ pọ̀ ju èyí tí mo bá wọn rò ní kóòtù lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni náà kò kọ ìkìlọ̀ rárá, ohùn rẹ gbọ́dọ̀ jáde ní kíákíá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ọ́ láti 1971, nínú ẹjọ́ Katsina Local Authority àti Makudawa, pé ẹ̀tọ́ káńsù lórí ìwé ìkìlọ̀ yìí jẹ́ ohun tí káńsù lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Bí o bá fèsì sí ẹjọ́ láìmẹ́nu kàn án, tí ẹ sì ń rò ó lọ, ó ti bọ́ nìyẹn.

Òfin mìíràn tí àwọn ọ̀dọ́ lọ́ọ̀yà ìjọba fẹ́ràn jù ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, èyí tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì dára. Àmọ́ má ṣe tìtorí rẹ̀ sáré lọ bá alága pé ẹjọ́ ti kú. Láti 1974, nínú ẹjọ́ àwọn aláṣẹ èbúté ọkọ̀ ojú omi àti ilé iṣẹ́ Cogefar, ni wọ́n ti sọ ọ́ pé kò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́ tí a gbé fún agbaṣẹ́ṣe. Lẹ́yìn ìgbà náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù tún fi kún un pé kò kan àdéhùn ìgbanisíṣẹ́. Owó agbaṣẹ́ṣe àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé lọ sì rèé, àwọn gan-an ló pọ̀ jù nínú ẹjọ́ káńsù.

Ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe yìí, jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàá ti mọ iṣẹ́ náà. Alága kan á gbé gọ́tà tàbí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe á ṣe é, tàbí kí ó ṣe ìdajì. Injiníà káńsù á fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí. Owó kò tíì jáde tí sáà alága fi tán. Alága tuntun á dé, á ní òun kọ́ ni òun gbé iṣẹ́ náà fún un, pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ni, kí ó lọ bá ẹni tó gbé e fún un. Àbúrò, òfin kò mọ ìyẹn. Káńsù ni ó ṣe àdéhùn, káńsù kò sì kú, alága ló ń lọ tí òmíràn ń bọ̀. Mo ti sọ gbólóhùn yìí fún alága ju alága kan lọ, ojú tí wọ́n fi ń wò mí kì í dára.

Agbaṣẹ́ṣe á wá lọ sí kóòtù pẹ̀lú lẹ́tà ìgbéṣẹ́fúnni, ìwé injiníà, fọ́tò, gbogbo rẹ̀ ló dì sínú báàgì kan. Àwa ńkọ́? Fáìlì ti bá alága àná lọ, tàbí ó wà nínú yàrá kan tí òjò ti rọ̀ sí, tàbí ẹni tó mọ ibi tó wà ti fẹ̀yìntì sí abúlé rẹ̀. Bí gọ́tà náà kò bá tilẹ̀ ju ìdajì lọ, kí ni a ó fi sọ bẹ́ẹ̀? Adájọ́ á dá a láre, kò sì sí ẹni tó máa bá adájọ́ wí.

Ibi tí ẹjọ́ parí sí kọ́ ni wàhálà parí sí. Ẹni tó jàre á gba àṣẹ tí àwa lọ́ọ̀yà ń pè ní garnishee, tí kóòtù fi ń de owó olùjẹ́jọ́ mọ́ ọwọ́ báńkì. Òfin Sheriffs and Civil Process, ní abala 84, ní bí owó náà bá wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ẹni tó jàre náà gba ìyọ̀ǹda agbẹjọ́rò àgbà ná. Lórí ìyọ̀ǹda yìí ni a ti máa ń jà. Wọ́n á ní báńkì kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n á tún mú ìdájọ́ 2017 lórí báńkì àpapọ̀ àti ilé iṣẹ́ Interstella jáde, níbi tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé agbẹjọ́rò àgbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè kò lè jókòó lé ìyọ̀ǹda. O lè rí ọ̀rọ̀ sọ, o sì lè jàre. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò tí ẹ fi ń bá a yí, àkáǹtì ti dè. Owó oṣù àwọn agbálẹ̀ ọjà wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà báńkì bá dé ni gbogbo káńsù máa mọ orúkọ rẹ. Tírẹ́ṣọ̀ tí kì í kí ọ tẹ́lẹ̀ á wá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, á ní, "Lọ́ọ̀yà, ẹ gbà wá o."

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí lọ́ọ̀yà má gbára lé yàrá fáìlì. Gbogbo lẹ́tà iṣẹ́ tí ó bá gba iwájú mi kọjá, mo ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tí sáà alága bá ń parí lọ, mo máa ń bá ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ pé kí a kọ orúkọ gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, èyí tó parí, èyí tí kò parí, iye tó kù, kí injiníà àti tírẹ́ṣọ̀ sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn àkọsílẹ̀ yẹn. Òun ló gbà wá sílẹ̀ nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kan wá gba owó tí wọ́n ti san fún un tẹ́lẹ̀.

Owó orí àti tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Lọ ka Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999 dáadáa kí o tó wọṣẹ́. Ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ìtẹ́ òkú, ilé ìyàgbẹ́, ìsọlórúkọ òpópónà, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti òkú, títí dórí kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọláńkẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè odidi ń sọ̀rọ̀ ọmọláńkẹ́. Ẹ̀rín yẹn ti lọ. Tenement rate, ìyẹn owó orí ilé, náà wà níbẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀ sì ni. Nínú ẹjọ́ Knight Frank & Rutley àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ní 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé ìpínlẹ̀ kò láṣẹ lórí rẹ̀, àdéhùn tí ìpínlẹ̀ fi gbé iṣẹ́ owó orí ilé fún ilé iṣẹ́ náà kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdájọ́ yìí dùn mọ́ káńsù nínú. Ó tún yẹ kí ó dẹ́rù bà wọ́n, nítorí bí a bá gba ohun tí kì í ṣe tiwa, irú ìdájọ́ yẹn náà ló ń dúró dè wá.

Kọ́ńsọ́ltáǹtì agbowó ni wàá bá pàdé jù. Alága á pè ọ́, ọkùnrin kan tó wọ agbádá á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àdéhùn ti wà ní títẹ̀, wọ́n á ní kí o kàn fọwọ́ sí i ni. Má fọwọ́ sí i níbẹ̀. Sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n kà á di ọ̀la, sà." Bí o bá kà á, wàá rí i pé orúkọ owó kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú òfin káńsù yín, tí kò sì sí nínú àkójọ owó orí tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1998 fọwọ́ sí. Wàá rí i pé kọ́ńsọ́ltáǹtì náà lè gbé ọmọkùnrin sí ojú títì. Òfin 1998 yẹn sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dènà ojú ọ̀nà nítorí owó orí. Àwọn ọmọ náà á na okùn, á gbé pákó onísọ̀ọ́ sílẹ̀, táyà á bẹ́, awakọ̀ á ṣèṣe. Ìwọ ni wọ́n máa gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ wá bá, wọn kò ní wá kọ́ńsọ́ltáǹtì lọ. Kí àdéhùn náà sọ ọ́ pàtó ohun tí ó lè gbà, ibi tó ti lè gbà á, pé àkáǹtì káńsù ni owó ń wọ̀, àti pé òun ni yóò san ohun tí ìwà àwọn ọmọ rẹ̀ bá fà. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, o ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ oyè. Èyí ni ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ wa tó. Òfin ọba jíjẹ tí a jogún láti ìgbà Western Region ní 1957 fi káńsù sí àárín gbùngbùn: ìkéde, ìyẹn ìwé àṣà oyè ìlú tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ló ń sọ ìdílé tó kàn, akọ̀wé káńsù ló ń kọ̀wé sí ìdílé náà pé kí wọ́n mú ọmọ oyè wá láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà ni ó tó kan àwọn afọbajẹ. Lẹ́tà akọ̀wé yẹn ni gbogbo ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka kan á ní àwọn ló kàn, ẹ̀ka kejì á ní ìkéde náà kò tọ́, káńsù á di olùjẹ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin nínú ẹjọ́ tí ó lè bí ọmọ kí ó sì tún bí ọmọ-ọmọ.

Àwọn àgbà ìdílé á wá ọ wá sílé lálẹ́ pẹ̀lú iṣu. Dọ̀bálẹ̀ fún wọn, fún wọn lómi mu, má gba iṣu. Sọ fún wọn pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ kọ ohun tí ẹ sọ yìí sínú lẹ́tà kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé káńsù." Wọn á bínú. Ìbínú wọn sàn ju kí wọ́n wá sọ ní kóòtù pé lọ́ọ̀yà káńsù ti ṣèlérí fún àwọn. Nínú kóòtù náà, mú ẹ̀dà ìkéde tí ọ́fíìsì tó ni í jẹ́rìí sí wá, sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí o jókòó. Mo ti rí lọ́ọ̀yà káńsù tó ń gbèjà ọmọ oyè kan ju lọ́ọ̀yà ọmọ oyè náà lọ. Ẹ̀ka tó jàre ní kóòtù kejì kò gbàgbé rẹ̀.

Òṣìṣẹ́: nínú ìlànà tí mo bá, káńsù lè fìyà jẹ òṣìṣẹ́ ipele kìn-ín-ní dé ìkẹfà, láti ìkeje lọ sókè ti Kọmíṣọ́n iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Alága tó bá lé ẹni ipele kẹjọ lọ pẹ̀lú ohùn lásán ti gbé ọ lọ sí kóòtù àwọn òṣìṣẹ́, tí àtúnṣe ìwé òfin 2010 fún ní àṣẹ lórí irú ẹjọ́ yìí. Wọ́n máa bèèrè ìwé ìwádìí, èsì rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, lọ bá lọ́ọ̀yà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí owó oṣù tó ń gorí ara wọn má baà pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ńkọ́? Wọ́n ti tú káńsù ká lójú mi. Ní Èkìtì, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá ìtúká tó wáyé ní 2010 nù ní December 2016. Ní Ọ̀yọ́ níbí, wọ́n tú gbogbo káńsù ká ní 29 May 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì sọ ní 7 May 2021 pé kò bófin mu, wọ́n ní kí wọ́n san owó oṣù àwọn tí wọ́n lé, pẹ̀lú mílíọ̀nù lọ́nà ogún náírà fún ìnáwó ẹjọ́. Ní 11 July 2024, wọ́n tún ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa wá tààrà, pé gómìnà kò sì láṣẹ láti fi ìgbìmọ̀ afìdíhẹ sípò káńsù tí wọ́n dìbò yàn. Ìwọ tó jókòó sí ọ́fíìsì ní àkókò bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ẹni tí yóò jàre. Alága tí wọ́n lé á ní kí o bá òun kọ ìwé ìbúra, èyí tó dé tuntun á ní kí o bá òun kọ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ́, má ṣe búra fún ẹnikẹ́ni lórí ohun tí ojú rẹ kò rí. Fi fáìlì sí ibi tó yẹ, kí o máa lọ sí kóòtù lórí àwọn ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, nítorí adájọ́ ẹjọ́ gọ́tà kò ní dúró dè yín.

Bí o bá máa sọ fún alága pé ohun kan kò tọ́, má sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láé. Dúró kí yàrá dá. Sọ ọ̀nà tó lè gbà kí o tó sọ èyí tí kò lè gbà. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí akọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ sí ẹ̀dà tìrẹ. Mo mọ àwọn alága tí kò gba ìmọ̀ràn mi lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì wá di ẹni tó ń pè mí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun lẹ́yìn ìgbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ àkọ́kọ́ dé. Ẹjọ́ ńlá, wọ́n lè gbé e fún lọ́ọ̀yà ẹgbẹ́ òṣèlú wọn pẹ̀lú owó tí ìwọ kò ní rí lọ́dún kan. Má bínú sí i. Kó ìwé fún un lásìkò, kí o sì máa lọ jókòó ní kóòtù ọjọ́ ẹjọ́, nítorí bí ó bá gbàgbé ọjọ́, ìwọ ni wọ́n máa bi.

Owó iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Ìwé òfin kò gbà ọ́ láyè láti ṣe iṣẹ́ ara rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀, kì í ṣe àwàdà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú Àfikún Karùn-ún. Èmi ń gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n sì lè gbé ọ kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn láìbéèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ. Àmọ́ ní ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ, ó lè pẹ́ kí o tó dá ẹjọ́ kan rò. Ní káńsù, ilẹ̀, ọjà, oyè, òṣìṣẹ́, owó orí, gbogbo rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ nìkan ni wàá sì dúró níwájú adájọ́. Èmi á tún gbà á bí wọ́n bá tún fún mi.

Àmọ́ wo lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó kọ̀wé fi ọ̀gá rẹ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Kọmíṣọ́n iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ ọ́, tí ipele rẹ sì bá iye ọdún tí o ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́ọ̀yà mu, máa lọ. Bí ipele náà bá kéré, kọ̀wé báyìí kí wọ́n tún un ṣe, nítorí tí o bá ti wọlé tán kò sẹ́ni tó máa dá ọ lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé alága ló fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ láìsí Kọmíṣọ́n nínú rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ alága ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe, ọjọ́ tí alága bá lọ ni iṣẹ́ parí. Irú èyí, o lè máa ṣe é láti ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ bí ọ̀gá bá gbà. Fi orí lẹ́tà náà hàn mí bí kò bá yé ọ, kí o bo orúkọ rẹ mọ́lẹ̀.